Rebus Kì í Ṣe Ọlọ́pàá Mọ́

Sí Olóòtú,

Nínú àgbéyẹ̀wò tí ẹ gbé jáde lórí *Midnight and Blue*, ìwé Ian Rankin tó jáde ní 2024, òǹkọ̀wé yín ní Rebus, ọlọ́pàá inú àwọn ìwé Rankin, kì í dàgbà, pé ọlọ́pàá kan náà ni láti ìwé àkọ́kọ́ ní 1987. Irọ́ ni.

Rankin ń jẹ́ kí ọjọ́ orí Rebus máa gòkè bíi ti gbogbo ẹ̀dá. Nínú *Exit Music*, ní 2007, ó pé ọgọ́ta ọdún, ó sì fẹ̀yìntì. Nígbà tó padà dé ní 2012, aráàlú tó ń bá ọlọ́pàá tú ẹjọ́ àtijọ́ wò ni. Nínú *Midnight and Blue* ńkọ́? Ẹlẹ́wọ̀n ni Rebus, ní Edinburgh! Wọ́n pa ẹlẹ́wọ̀n kan, Rebus sì ń wádìí láàárín àwọn tó kórìíra ọlọ́pàá, láìní àṣẹ kankan lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni adùn ìwé náà wà, òǹkọ̀wé yín ò sì fẹnu bà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó ka ìwé náà tán kó tó tún dá a lẹ́jọ́.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn