Afọ́jú Lórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere Kì í Ṣe Ẹrù

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé afọ́jú ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni yóò bèèrè bí ó ti lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Kẹ̀kẹ́ kan wà tí ó gùn ju èyí tí ojú mọ̀ lọ, tí ó ní ìjókòó méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí ó sì ní ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ wà á. Ó ti wà ní ìlú Òyìnbó kí ọdún 1900 tó dé. Ẹni tí ó ríran a jókòó níwájú, a máa darí rẹ̀, a sì máa fa ìjánu. Ẹni tí kò ríran a jókòó lẹ́yìn. Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ náà yé ènìyàn gbogbo. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé gbígbé ni a ń gbé afọ́jú náà kiri, bí àgbẹ̀ ti ń di àpò kòkó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà.

Kí ẹni tí ó rò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ṣéènì kẹ̀kẹ́ náà. Ṣéènì kan so ibi ẹsẹ̀ ti iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, òmíràn sì ń gba agbára àwọn méjèèjì lọ sí táyà ẹ̀yìn. Nítorí náà, lórí irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù, bí ẹsẹ̀ ọ̀kan bá ń yí, ti èkejì gbọ́dọ̀ yí. Bí ọ̀kan bá dúró, èkejì kò lè lọ. Ẹni ẹ̀yìn tí ó bá ń ṣe ọ̀lẹ kò ní ibi tí yóò fi ara pamọ́ sí: itan ẹni iwájú yóò ti mọ̀ kí wọ́n tó gun òkè kìn-ín-ní dé orí. Orúkọ ẹni tí ń kó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin ni àwọn Òyìnbó fi ń pe ẹni ẹ̀yìn, orúkọ náà sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àwọn méjèèjì a máa yá ju ẹnìkan ṣoṣo lọ, nítorí agbára ènìyàn méjì ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń dojú kọ wọ́n kò tó ti ènìyàn méjì.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ ni ìtàn Neil Fachie, tí a bí ní Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland ní 1984. Àrùn ojú tí a bí mọ́ ọn ni ó dín ìríran rẹ̀ kù. Ní 2008, eré ẹsẹ̀ ni ó lọ sá ní Beijing, níbi Paralympics, ìdíje ńlá ti àwọn aláàbọ̀ ara. Kò gba ẹ̀bùn kankan bọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó bọ́ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ oníjókòó méjì. Ní London ní 2012, òun àti Barney Storey gba wúrà nínú eré mítà 1,000. Ní Rio ní 2016, Pete Mitchell ni ó wà níwájú. Wọ́n gba fàdákà. Ní ìdíje Tokyo, tí a ṣe ní 2021, Matt Rotherham ni ó wà níwájú. Wọ́n gba wúrà, wọ́n sì tún gba fàdákà ní Paris ní 2024. Nínú àwọn ìdíje wọ̀nyí, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó jókòó síwájú ọkùnrin yìí. Bí ẹni ẹ̀yìn bá jẹ́ ẹrù, irú ẹrù wo ni èyí, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá rù ú ń gba ẹ̀bùn? Ní ọjọ́ kan náà tí ó gba wúrà ti Tokyo, Lora ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ afọ́jú, gba tirẹ̀ nínú eré mítà 3,000 pẹ̀lú Corrine Hall níwájú. Kò tó ìdajì wákàtí láàárín wúrà ìyàwó àti ti ọkọ.

Àwọn kan ń kùn pé kò yẹ kí ẹni iwájú tí ó ríran gba wúrà níbi ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara. Ìkùnsínú náà kò tọ̀nà. Ẹsẹ̀ méjì kò tó láti gba eré náà, mẹ́rin ni ó gbà á.

Bí ẹsẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu. Ẹni iwájú tí kò lè sọ̀rọ̀ kò yẹ ní ipò náà, bí ó ti wù kí ó lágbára tó. Kí wọ́n tó gbéra, òun ni yóò kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́, tí yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, tí yóò sì di ìjánu mú títí ẹnìkejì yóò fi jókòó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wà ní ipò. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ, ó gbọ́dọ̀ sọ pé kòtò ń bọ̀, pé wọn yóò yà sí ọ̀tún, pé kí wọ́n sinmi ẹsẹ̀, pé wọn yóò dúró. Kí ó sọ ọ́ kí ohun náà tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ríran a ti múra sílẹ̀ fún kòtò kí ó tó mọ̀ pé òun múra. Ẹni ẹ̀yìn kò ní ìkìlọ̀ mìíràn ju ohùn yìí lọ. Bí wọ́n bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tàbí oko tí àgbàdo rẹ̀ ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ó dára kí a sọ ìyẹn náà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ojú ti mọ̀ ni afọ́jú tí ó di orí ọ̀pá kan mú, tí ọmọ kékeré sì di orí kejì mú, tí ó ń fà á láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Owó bọ́ sínú igbá, àdúrà sì tẹ̀lé e. Àánú wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yẹ kí ó wà ní ilé ìwé, àgbàlagbà náà sì ní itan àti ẹ̀dọ̀fóró tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ohun tí wọ́n lè ṣe. Ẹni tí ó jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ di alẹ́ ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wá sí ara rẹ̀, ìbáà ríran, ìbáà má ríran.

Kẹ̀kẹ́ náà kò ní í fún un ní oúnjẹ. Kò sì yẹ kí a gbé e lọ sí ojú títì tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà, nítorí kẹ̀kẹ́ yìí gùn, kì í tètè yí, ènìyàn méjì lórí rẹ̀ kì í sì í tètè dúró. Kí ajórinmọ́rin má ṣe jó kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó méjì pọ̀ kí ó sì sọ pé ó parí. Ìjánu tí ó tó fún ẹnìkan kò tó fún ẹni méjì. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀ ni ibi ìbẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ lásán lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan lè yí láti ọ̀dọ̀ afọ́jú kan dé òmíràn ní ìlú. Ẹni iwájú ni yóò ṣọ̀wọ́n: ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, tí yóò yọ wákàtí méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀, tí yóò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni ẹ̀yìn kí wọ́n tó gbéra pé níbo ni ó fẹ́ lọ.