Agolo Mílíìkì àti Ìwé Gbèsè

Nígbà tí Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọ Àgùdà ní àdúgbò wa, láti Palmgrove dé Ṣómólú àti Bàrígà, a máa fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ìwé náà kì í gùn. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú agolo mílíìkì kan wá, tàbí ìrẹsì díẹ̀, tàbí ọṣẹ, nítorí pé ilé-ìwé fẹ́ lọ bẹ àwọn ọmọ aláìlóbìí wò kí ọdún Àjíǹde tó dé. Ohun tó dára ni, n kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ìwé kejì ni mo ní í bá wí. Ìwé kejì kì í jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Nígbà mìíràn, inú àpò ọmọ kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń bára wọn. Ó ní ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá tí ì san owó táàmù kejì tán kò ní í jókòó ṣe ìdánwò. Bí ọjọ́ bá pé, a ó to àwọn ọmọ sórí ìlà, a ó ka orúkọ, a ó sì ní kí àwọn tí a pè gbé àpò wọn kí wọ́n máa lọ sílé. Ọmọ ọdún méje tí ó fi agolo mílíìkì sínú apẹ̀rẹ̀ àwọn aláìní láàárọ̀ ni a lé jáde lọ́sàn-án nítorí pé òun gan-an jẹ́ aláìní.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju òwe yìí lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ kíkankíkan, nítorí pé ọmọ Ìjọ Àgùdà ni èmi náà, kì í ṣe ọ̀tá ni ó ń sọ̀rọ̀. N kò dárúkọ ilé-ìwé kankan, nítorí pé kì í ṣe ilé-ìwé kan ni mo dojú ọ̀rọ̀ kọ. Àṣà ni.

Ìjọ kọ́ wa pé ohun mẹ́ta ni Lẹ́ńtì dúró lé: àdúrà, ààwẹ̀ àti ìtọrẹ-àánú. Àwọn olùkọ́ wa ń kọ́ àwọn ọmọ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Ọmọ kíláàsì kejì lè ka ibùdó mẹ́rìnlá Ọ̀nà Àgbélébùú fún ọ láìṣì. Ṣùgbọ́n ojú ni ọmọdé fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ju etí lọ. Kí ni ó ń rí? Ẹni tí a lé lọ sílé rí i pé owó ni ó ń jẹ́ kí a pe ènìyàn ní ọmọ ilé yìí. Èyí burú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ẹni tó kù nínú kíláàsì kọ́ burú ju ti ẹni tó lọ. Òun kọ́ pé ibì kan tó jìnnà ni àwọn aláìní ń gbé, ibi tí a máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ pẹ̀lú ẹ̀bùn àti ìlù, tí a ó sì ya fọ́tò níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, tí ìjókòó rẹ̀ ṣófo láti ọjọ́ Ajé, ìyẹn kì í ṣe aláìní ní tirẹ̀. Onígbèsè ni.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ méjèèjì yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Ta ni a ń pè ní aláìní? Ẹni tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, tí kò bá wa dá àdéhùn kankan, tí yóò sì dúpẹ́. Ta ni onígbèsè? Ẹni tí ó gbìyànjú. Ìyá tí ń din àkàrà ní Onípànù, tí ó san ìlàjì owó náà ní oṣù Kìn-ín-ní, tí kò sì rí ìlàjì yòókù san, onígbèsè ni. Ká ní ó ti kú ni, ọmọ rẹ̀ ìbá di ẹni tí a ń gbé mílíìkì lọ bá. Nítorí pé ó wà láàyè tí ó sì ń ṣiṣẹ́, a lé ọmọ rẹ̀ sí títì. Ẹ dákun, irú ìṣirò wo nìyí?

Gbogbo ènìyàn ló mọ Ṣómólú mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Láti àwọn ilé kéékèèké tó wà níbẹ̀ ni ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé àkọsílẹ̀ ti ń jáde fún gbogbo Èkó. Ẹni tí ń gé ìwé tàbí tí ń rán an pọ̀ níbẹ̀ kì í gba owó oṣù. Bí iṣẹ́ bá wọlé ni owó ń wọlé. Kàlẹ́ńdà àti dáyárì a máa gbé wọn títí dé ìparí ọdún. Lẹ́yìn náà ọwọ́ a dẹ̀. Àkókò tí ọwọ́ dẹ̀ yìí gan-an ni owó táàmù kejì ń bọ́ sí. Mo máa ń ronú pé ó ṣeé ṣe kí bánà tí a tẹ orúkọ ilé-ìwé sí gàdàgbà, tí a nà síwájú àwọn ọmọ aláìlóbìí kí a tó ya fọ́tò, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a lé. (Nípa fọ́tò náà, ẹni tí a ń ṣe àjọ̀dún Àjíǹde rẹ̀ sọ ohun kan nípa ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún. A máa ń ka ẹsẹ yẹn ní Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ àkọ́kọ́ Lẹ́ńtì. Ó dà bí ẹni pé kò sí nínú Bíbélì àwọn ayafọ́tò.)

Ìtàn Ìjọ yìí ní Èkó kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ olówó. Nígbà tí Fada Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ SMA dé Èkó ní 1863, ó bá àwọn Àgùdà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti Brazil padà wálé lẹ́yìn oko ẹrú. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Bàbá náà kì í ṣe àlùfáà rárá. Ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí ni. Àwọn fada tẹ̀dó sí Èkó ní 1868, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ní 1876, wọ́n dá oko Topo sílẹ̀ lẹ́bàá Badagry, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó lábẹ́ òrùlé ilé-ìwé wa kì í ṣe ọmọ àwọn tí wọ́n lè san owó ńlá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ Èkó nìkan nìyí, kí ó wo ẹni mímọ́ tí a fi ṣe alábòójútó àwọn olùkọ́. Jean-Baptiste de La Salle, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni Póòpù Pius Kejìlá fi sí ipò náà ní 1950. Ọmọ ọlọ́rọ̀ ni. Nígbà ìyàn ní ìlú Reims, ó pín ọrọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ilé-ìwé rẹ̀, fún gbogbo ọmọ. Àwọn olùkọ́ tí ń gba owó ní Paris tìtorí èyí pè é lẹ́jọ́: wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọmọ ẹni tí ó lè sanwó jókòó lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ọmọ tálákà. Ohun tí wọ́n fi kàn án ni pé kò ṣe ìwádìí àpò òbí kó tó kọ́ ọmọ! Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1719, Ọjọ́ Jímọ́ Rere sì ni ọjọ́ náà. Àjọ̀dún rẹ̀ ń bọ́ sí àkókò Àjíǹde lọ́dọọdún, ní àkókò tí àwa ń ka orúkọ àwọn onígbèsè.

Mo mọ ohun tí àwọn alákòóso ilé-ìwé yóò sọ, nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ gba owó oṣù. Ẹ̀rọ amúnáwá ń mu epo. Ìjọba kì í san kọ́bọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn òbí kan wà tí wọ́n ń ra aṣọ ẹbí ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń sunkún pé kò sí owó ilé-ìwé. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Mo mọ wọn, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni ó ra aṣọ ẹbí? Ṣé ọmọ ọdún méje ni? Kí a pe òbí, kí a bá a jà, kí a kọ̀wé sí i, kí a di káàdì èsì ìdánwò mú lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá pọn dandan. Kí ọmọ jókòó kí ó ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé kò sí bí a ṣe lè mọ òpùrọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Frédéric Ozanam àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní Paris ní 1833, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni kí wọ́n máa bẹ àwọn aláìní wò nínú ilé wọn. Ẹni tí ó bá wọ yàrá kan ní Ilàjẹ ní Bàrígà, tí ó rí ènìyàn mẹ́fà lórí ẹní méjì, kò nílò ìwé ẹ̀rí kankan mọ́.

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ tó le ju èyí lọ. Wọ́n ní: ilé-ìwé ìjọba wà nítòsí, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹni tí kò lè sanwó mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ dá lóhùn jù, nítorí pé Ìjọ fúnra rẹ̀ ti dá a lóhùn rí, ní ilé ẹjọ́.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 1980, ìjọba Gómìnà Lateef Jakande kọ̀wé pé òun yóò fòpin sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀-Ọ̀pẹ ku ọjọ́ mẹ́rin. Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin. Jakande kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ kí ọmọ gbogbo ènìyàn kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, ó fẹ́ fòpin sí ètò kí àwọn kan máa wá láàárọ̀ kí àwọn kan máa wá lọ́sàn-án, ó sì kọ́ yàrá ìkàwé púpọ̀ tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi ṣe ẹ̀sín pé ilé adìyẹ ni. Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Olubunmi Okogie gbé e lọ sílé ẹjọ́, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì dá a láre ní 1981 pé ẹ̀tọ́ láti dá ilé-ìwé sílẹ̀ wà lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa ti 1979. Mo gbà pé ó tọ́. Ọ̀rọ̀ tí Ìjọ ń tẹnu mọ́ títí di òní ni pé òbí ni ó ni ọmọ, kì í ṣe ìjọba, òun ni ó sì yẹ kí ó yan ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti kàwé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé òbí tí ó ní owó nìkan ni ó ni ọmọ ni? Bí a bá sọ fún alákàrà Onípànù pé kí ó lọ sí ti ìjọba, ohun tí Jakande sọ fún gbogbo wa ni a ń sọ fún un, láìní ọ̀fẹ́ tí Jakande fi kún un.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àkókò kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ṣómólú àti Bàrígà wà, títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ọmọ tálákà lè jókòó nínú ilé-ìwé Àgùdà kí ìjọba sì gba owó olùkọ́ rò. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bàjẹ́ lójú wa. Ní 2001, nígbà Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, a dá wọn padà. St. Finbarr's ní Akọka, tí Fada Denis Slattery dá sílẹ̀ ní 1956, wà lára wọn. Igbobi College ti àwọn Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì náà wà níbẹ̀. A yọ̀, a kọrin. Ohun tí a kò jókòó sọ ní ọjọ́ ayọ̀ náà ni ẹni tí yóò máa san ohun tí ìjọba ń san tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a kò sọ ọ́, òbí ni ó bọ́ lé lórí, àtẹni tó ní àtẹni tí kò ní.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ilé-ìwé gba agolo mílíìkì náà, kí ó sì gbé e lọ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ṣùgbọ́n kí owó tí a bá dá ní Lẹ́ńtì kọ́kọ́ san gbèsè àwọn ọmọ inú ilé. Kí ṣọ́ọ̀ṣì náà dá sí i. Ìjọ tí ó lè dá owó ìkórè lè dá owó táàmù kan fún ogún ọmọ. Kí ó má ṣe hàn sí ọmọ kankan, kí a má ṣe pè é síwájú láti wá dúpẹ́. Kí ó má sì jẹ́ ti ọmọ Àgùdà nìkan, nítorí pé ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Aládùúrà pọ̀ nínú ilé-ìwé wa. Ní 2025, Rámádáànì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ 5. Bàbá Mùsùlùmí kan ń gbààwẹ̀ nílé, olùkọ́ Àgùdà ọmọ rẹ̀ ń gbààwẹ̀ níléèwé, ìwé gbèsè sì wà láàrin àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni táàmù kẹta ń wọlé. Ní gbogbo ọdún, àwọn ọmọ kan wà tí a lé lọ ní Lẹ́ńtì tí wọn kì í padà wá. Kí ọ̀gá ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ka iye wọn, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí fada sì kà á sókè ní Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Máàsì, ní ibi tí a ti máa ń ka iye owó ìkórè.