Ẹ Yẹ Orí Wò Kí Ẹ Tó Fa Ẹ̀jẹ̀

Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí nítorí òwò kan tó ti ń gbilẹ̀ ní Èkó àti láwọn ìlú ńlá wa mìíràn. Ẹni tí irun rẹ̀ ń re yóò gba ilé ìtọ́jú ẹwà lọ. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ gún un padà sí awọ orí rẹ̀. PRP ni wọ́n ń pè é. N kò sọ pé ẹ̀tàn ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ ìṣègùn ni, iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ sì ni, kò yẹ kí wọ́n máa polówó rẹ̀ bí ẹni ń polówó ìpara. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gún orí ọmọ ènìyàn láìjẹ́ pé dókítà ti kọ́kọ́ yẹ orí náà wò, tó sì ti sọ ohun tó ń ṣe irun ibẹ̀.

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn èròjà wínníwínní kan wà tí à ń pè ní platelet. Àwọn ló máa ń sáré dé ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dì. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí píìnì lọ, ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ní 150,000 sí 450,000 wọn. Bí wọ́n bá dé ojú ọgbẹ́, wọ́n máa ń tú àwọn èròjà tó ń jẹ́ kí ẹran ara àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù. Bí ẹ̀rọ bá yí ẹ̀jẹ̀ kíkankíkan, èyí tó pupa yóò lọ sísàlẹ̀, omi tó jọ àwọ̀ ìyeyè yóò sì lékè. Inú omi yẹn ni wọ́n ti ń kó platelet jọ; òun ni PRP. Robert Marx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde ní 1998 lórí bí wọ́n ṣe lò ó fún egungun àgbọ̀n. Ní 2006, Carlos Uebel àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Brazil tẹ tiwọn jáde: wọ́n fi èròjà inú platelet sí irun tí wọ́n ń lọ́ láti ibì kan sí ibòmíràn lórí àwọn ọkùnrin apárí.

Ibi tí ẹ̀rí PRP ti lágbára díẹ̀ ni apárí àjogúnbá, ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, nígbà tí irun ṣì wà níbẹ̀ àmọ́ tó ti ń tín-ín-rín. Oríṣiríṣi ìwádìí ti fi hàn pé irun irú àwọn bẹ́ẹ̀ máa ń ki sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwádìí náà kéré, bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀jẹ̀ kò dọ́gba, iye platelet tí wọ́n ń rí kò sì dọ́gba. Wọ́n sábà máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní oṣooṣù, kí wọ́n tó máa ṣe é lóòrèkóòrè, nítorí ẹni tó bá dáwọ́ dúró lè rí i kí irun náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí PRP fún irun. Iṣẹ́ egungun ni wọ́n torí rẹ̀ fọwọ́ sí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Mélòó nínú àwọn tó ń san owó ńlá fún un ni wọ́n ti sọ èyí fún?

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nìyí: ohun tó ń mú irun re pọ̀, wọn kò sì jọ ara wọn. Irun ìyá ọmọ tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í re ní nǹkan bí oṣù kẹta lẹ́yìn ìbímọ, bẹ́ẹ̀ ó máa ń padà fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan tàbí díẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá gún un ní PRP lásìkò yẹn, abẹ́rẹ́ ni yóò gba ìyìn iṣẹ́ tí ara ṣe fúnra rẹ̀. Ọmọ tí làpálàpá bá mú lórí, oògùn làpálàpá ló nílò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kí wọ́n wá ìdí tí ẹ̀jẹ̀ náà kò fi tó. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, fífa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kì í sì í ṣe ìtọ́jú.

Oríṣi ohun méjì tó ń mú irun re wà tó ń bá àwọn obìnrin wa jà jù. Èkíní ni èyí tí irun dídì líle, wíìfù rírán àti gúlù ń fà. Iwájú orí àti ẹ̀bá etí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, ẹ ó rí àwọn irun kéékèèké tó ṣẹ́ kù sí iwájú pátápátá, tí ẹ̀yìn wọn sì ti dán. Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà yẹ orí àwọn ọmọbìnrin àti àgbà obìnrin wò. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n rí i lórí bíi 17 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin, àti bíi 32 nínú ọgọ́rùn-ún àgbà obìnrin. Bí wọ́n bá tètè rí i, títú irun náà sílẹ̀ àti ìsinmi lè dá a padà láìná kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́, ihò irun á kú.

Èkejì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, a sì máa fẹ̀ síta yíká. CCCA ni àwọn dókítà ń pè é. Wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dá obìnrin lẹ́bi nítorí rẹ̀, pé rílásà ló fi ba ara rẹ̀ jẹ́. Ní 2019, ìwádìí kan nínú New England Journal of Medicine fi hàn pé àléébù wà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní PADI3 lára díẹ̀ nínú àwọn tó ní in. Nítorí náà, ẹ yé bú wọn. Àrùn yìí máa ń sọ ihò irun di àpá. Ohun tí obìnrin bẹ́ẹ̀ nílò kíákíá ni dókítà awọ ara tí yóò gé ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, tí yóò sì fún un ní oògùn tí àpá náà kò fi ní tàn sí i. Ibi tí àpá ti bo ihò irun, PRP kò lè hu irun níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bomi rin ilẹ̀ tí gbòǹgbò ti kú, ẹrẹ̀ ni yóò rí. Gbogbo oṣù tó bá fi ń pààrà ilé ẹwà, àrùn náà ń jẹ orí rẹ̀ lọ ni.

Àwọn tó ń ta á máa ń sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ ni, kí ló fẹ́ ṣe ọ́?" Ẹ̀jẹ̀ ara ẹni ni lóòótọ́, bí ó bá jẹ́ pé tìrẹ ni wọ́n dá padà fún ọ, bí abẹ́rẹ́ náà bá jẹ́ tuntun, bí ọwọ́ tó mú un bá mọ́. Ní 2018, ilé ẹwà kan ní Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, ń lo irú ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà fún ojú àwọn oníbàárà. Nígbà tí àwọn elétò ìlera wọbẹ̀, wọ́n bá ìgò ẹ̀jẹ̀ tí kò lórúkọ, wọ́n bá òmíràn nínú fíríìjì pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n sì bá síríǹjì tí wọ́n ti tú kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀. Ní 2024, àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn níbẹ̀ kéde pé àwọn oníbàárà kan kó HIV ní ilé ẹwà náà. Bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa. Àyẹ̀wò káàkiri orílẹ̀-èdè tí ìjọba ṣe ní 2018, NAIIS, fi hàn pé bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 64 ló ní kòkòrò Hepatitis B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kòkòrò yìí lè wà láàyè fún ọjọ́ méje ó kéré tán lórí tábìlì tí ẹ̀jẹ̀ kán sí, kódà lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ náà ti gbẹ. Yàrá tí kò ní àpótí tí a ń ju abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí àti oògùn apakòkòrò kì í ṣe yàrá tí a ń gún orí sí.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kò le. Kí Ìgbìmọ̀ MDCN tó ń ṣàkóso àwọn dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba irú orí tí PRP wà fún àti ẹni tó lè ṣe é. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ní Brazil ti ṣe tiwọn láti 2015: wọ́n pe PRP ní ohun tó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò, tí a kò gbọdọ̀ lò níta ìwádìí. N kò ní kí a le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí a mọ ibi tí àwọn tiwa dúró. Kí HEFAMAA, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn ilé ìwòsàn ní Èkó, àti ilé iṣẹ́ ìlera ní ìpínlẹ̀ yòókù, tẹ orúkọ gbogbo ilé tó gba àṣẹ síta níbi tí ará ìlú lè rí i. Kí àwọn ilé tó ń ṣe PRP kọ orúkọ oníbàárà sára ìgò ẹ̀jẹ̀ níṣojú rẹ̀. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV àti Hepatitis kí wọ́n tó fọwọ́ kan orí rẹ̀. Kí wọ́n sọ àpapọ̀ owó gbogbo ìgbà tí yóò wá kó tó san ti àkọ́kọ́, kí ìwé ìyọ̀ǹda sì wà ní Yorùbá fún ẹni tó bá fẹ́. Àṣà tuntun kọ́ ni mo ń dá. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 ti fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí àlàyé kíkún àti owó tí kò farasin.

Àwọn kan yóò ní bí òfin bá le, àwọn ènìyàn yóò sá lọ sí kọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n pé, níbo la wà báyìí? Bí oníbàárà kò bá lè mọ ilé tó gba àṣẹ yàtọ̀ sí èyí tí kò gbà á, gbogbo wọn ti di kọ̀rọ̀ lójú rẹ̀. Òmíràn á ní dókítà awọ ara kò pọ̀. Òtítọ́ ni, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n wọ́n wà ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, ní LUTH Ìdí-Àràbà, ní LASUTH Ìkẹjà àti ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀. A sì lè kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà ìjọba ìbílẹ̀ láti dá àmì mélòó kan mọ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa darí lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń rí orí wa, ẹ ń rí i kí ọkọ àti ìyá wa tó rí i. Bí oníbàárà bá ní ó ń dun òun, ẹ tú u. Irun tí ènìyàn ní láti lo paracetamol kó tó lè sùn ti le jù. Bí ẹ bá rí ìléròrò wẹ́wẹ́ létí irun, ẹ má ṣe di tuntun lé e. Kí ẹgbẹ́ yín fi èyí sínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí, kí ìjọba sì san owó olùkọ́ náà. Orí ọmọdébìnrin kan tí a gbà là lọ́wọ́ dídì líle tó abẹ́rẹ́ púpọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti gún ní PRP níbi tí kò dá yín lójú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò HIV, Hepatitis B àti C, kí ẹ sì tún ṣe é nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá. Oògùn HIV ń jẹ́ kí ènìyàn gbó, kí ó tọ́. Ẹni tí kò bá tíì ní Hepatitis B lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́jọ́ náà.