Iṣẹ́ Tí A Rán Kọ̀ǹpútà, Ẹ Jẹ́ Kó Máa Jábọ̀ Lójú Ọ̀nà

Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ojú ewé tí ẹgbẹ́ wa ń kọ́ lọ́wọ́, èyí tí a ó máa fi gba àwọn oríkì tí a gba ohùn wọn sílẹ̀ nílé lásìkò ọlidé. Ohun tó ń fa àríyànjiyàn ò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí fáìlì bá ń gòkè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni kí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà máa rí?

Àwọn kan ní ká kàn ya ọ̀pá kan tí á máa kún fúnra rẹ̀ títí dé 90, kó wá dúró síbẹ̀ dìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Èmi ò fara mọ́ ọn. Irọ́ ni! Aago lásán ló ń ti ọ̀pá yẹn, kò mọ̀ bóyá fáìlì kúrò lójú kan. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já, á ṣì máa kún ni, bí ọmọ tí a rán lọ sọ́jà tó dúró síbi bọ́ọ̀lù, tó ń pariwo pé, "Mo ti ń bọ̀ o!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìṣòro ti wá. JavaScript, tí Brendan Eich kọ́ fún Netscape ní 1995, kì í dúró de iṣẹ́ tó bá máa pẹ́. Á rán an jáde, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ní 2015 ni Promise wọ inú òfin èdè náà. Ìlérí ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn, ipò mẹ́ta péré ló sì ní: ó ṣì wà nílẹ̀, ó ti ṣẹ, tàbí ó ti yẹ̀. Kò sí "ó ku díẹ̀" nínú rẹ̀. (Deferred ti jQuery ní notify tó ń mú ìròyìn wá lójú ọ̀nà, àmọ́ Promise ò gbé e wọlé.) Tí a bá kàn kọ await, tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ewé á dákẹ́ lọ́lọ́.

Ìdákẹ́ yẹn léwu fún wa. Ẹ̀yin náà mọ bí àkókò wa ní yàrá kọ̀ǹpútà ṣe kéré tó, ká má tíì sọ̀rọ̀ iná. Ọmọ JSS 2 kan á tẹ bọ́tìnnì, kò ní rí nǹkan kan, á tún un tẹ̀, agogo oúnjẹ á dún, á sì pa gbogbo rẹ̀ dé. Á rò pé oríkì ti wọlé. Tó bá wá ti pa á rẹ́ lórí fláàṣì rẹ̀ ńkọ́, tí màmá àgbà tó ki oríkì náà ò sì sí mọ́? Ta ni a ó tún lọ bá?

Ọ̀nà wà. XMLHttpRequest ń jábọ̀ nígbà tí fáìlì bá ń gòkè: upload rẹ̀ ń sọ iye tó ti lọ, loaded, àti àpapọ̀, total. Fetch tí gbogbo wa fẹ́ràn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún fáìlì tó ń gòkè. Torí náà, ẹ jẹ́ ká fi àgbàlagbà yẹn sínú Promise, ká sì fún un ní fọ́ńṣọ̀n kékeré kan, onProgress, tí á máa pè bó ṣe ń lọ. Bí fáìlì bá pọ̀, Promise.all ò ní sọ pé ó ti ṣẹ títí gbogbo wọn á fi parí, àfi ká máa ka ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń dé, ká kọ "3 nínú 8" síbẹ̀. Àti pé 100 kì í ṣe òpin o! Ó kàn fi hàn pé fáìlì ti kúrò lọ́dọ̀ wa ni. Títí sẹ́fà á fi dáhùn, "a ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́, má tíì pa á" ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Kò pọn dandan kí ọ̀pá wà rárá. Ẹ wo CAPS tí JAMB, tí olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Bwari níbí, bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ibi tí ìgbàwọlé ẹni dé, àwọn ẹ̀gbọ́n wa sì ń lóye rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ká dìbò lé ní ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí: ká yọ ọ̀pá aago yẹn kúrò, níbi tí a ò bá sì ti mọ iye tó kù, ká kọ iye tó ti lọ nìkan.