Ẹ Fi Abẹ́rẹ́ Kọ Orúkọ Ẹbí Yín

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn ọ̀sán, ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1596, ni wọ́n bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Alice Lee ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara aṣọ ni a ti kà á. Jane Bostocke ló fi abẹ́rẹ́ àti òwú kọ ọ́ sára aṣọ kékeré kan ní 1598, aṣọ náà sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ó lé ní 400 ọdún, síbẹ̀ a mọ ọjọ́ àti àkókò tí ọmọ náà wáyé. Níbí ní Kòsọ́fẹ́ ní Èkó, ní Kétu, ní Ìkòsí, ní Máìlì 12, àgbàlagbà tó jẹ́ pé ìbúra kóòtù ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, torí pé òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú tí a ń lò lónìí, 1992 ló jáde. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹbí kọ̀ọ̀kan ní Kòsọ́fẹ́ ní aṣọ kan tí wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ikú sí, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láàárín nǹkan bí 1820 sí 1850, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ míṣọ́nnárì CMS ní Sàró (Sierra Leone), wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọmọ á fi òwú kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sára aṣọ, á fi ọnà sí i létí, á wá kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ọdún tó ṣe é. Díẹ̀ lára àwọn aṣọ wọ̀nyí ṣì wà. Ìgbà yẹn gan-an ni ogun ń tú ilẹ̀ Yorùbá ká, tí àwọn ènìyàn wa sì ń pọ̀ sí i ní Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, kalẹ̀ sí ní oṣù Kẹfà 1822, kó tó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Crowther. Ibẹ̀ náà ni Asano, tó di Susan ìyàwó rẹ̀, ti kàwé. Òótọ́ ni pé akọ̀wé ìjọba ní Freetown ní ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí tó fojú bù, bí wọ́n ti ga tó, àti ilà ara wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ akọ̀wé nìyẹn. Aṣọ nìkan ni ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ pé òun wà láyé.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ wo ni ọmọ náà kọ síbẹ̀? Orúkọ òyìnbó ni. Ẹni tó bá dá pọ́n-ùn 5 lọ́dún fún ilé-ẹ̀kọ́ CMS láyé ìgbà náà lè fi orúkọ tó wù ú sọ ọmọ tí kò rí rí. Crowther pàápàá, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń jẹ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó yí orúkọ padà nìyẹn, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá lè pa orúkọ tí wọ́n fi tipátipá fún ọmọ mọ́ fún ọdún tó sún mọ́ 200, mélòó mélòó ni Àbíọ́dún tàbí Fọlákẹ́ tí ìyá tó bí i fi ìfẹ́ sọ ọ́?

Àwọn mìíràn á ní oríkì ti tó wa. Oríkì a máa sọ orírun, a máa sọ ìwà àti iṣẹ́ baba ńlá ẹni, ohun tí aṣọ kankan kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n oríkì kì í sọ ọdún. Ó sì ń fẹ́ ẹni tó lè kì í: ní àdúgbò tí ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìlàjẹ, Ègùn, Haúsá àti Ìgbò ti ń gbé ilé kan náà, tí ìyá àgbà wà lóko, ta ni yóò kì í fún ọmọ náà? Kí oríkì àti aṣọ wà pọ̀ ni mo fẹ́.

Ẹ wo aṣọ tiwa fúnra wa. Àwọn aládìrẹ ya Ọba George V àti ìyàwó rẹ̀ sára àdìrẹ tí a ń pè ní Jùbílì, fún ayẹyẹ ọdún 25 tí ọba náà lò lórí oyè ní 1935. Aládìrẹ tó ya ọnà yẹn mọ̀ dájú pé aṣọ lè gba ìtàn. Ìtàn ọba òkèèrè ló gbà á sílẹ̀, orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbádá àti aṣọ òkè tó wà nísàlẹ̀ àpótí wa. Ọnà ọrùn agbádá lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, síbẹ̀ bí baba bá kú tán, ọmọ-ọmọ kò ní mọ̀ bóyá ti ìgbéyàwó ni tàbí ti oyè. Wọ́n á pín in, wọ́n á tà á, wọ́n á gé e ṣe fìlà. Táwẹ́lì àti ike tí a ń pín níbi òkú ní orúkọ àti ọjọ́ lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, fífọ̀ díẹ̀ ló sì ń gbà kó tó pa rẹ́.

Fóònù ńkọ́? Fóònù ń sọnù, ó ń bàjẹ́, àwòrán inú rẹ̀ a sì bá a lọ. Omi sì ni ọ̀rọ̀ Kòsọ́fẹ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n ṣí omi ìsédò Ọyán sínú odò Ògùn ní 2010, omi lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ àti agbègbè Máìlì 12 kúrò nílé, ìbẹ̀rù náà sì ń padà wá lásìkò òjò. Omi a máa sọ ìwé di ẹ̀kọ, yíǹkì a ṣàn lọ. Òwú tí aró rẹ̀ kì í ṣí, wọ́n lè ṣàn án, kí wọ́n sá a sábẹ́ ìbòòji, kí wọ́n sì tún kà á. Èéhù àti kòkòrò lè jẹ aṣọ, òótọ́ ni; ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó gbẹ dáadáa kó tó wọ àpótí, kí wọ́n sì máa yọ ọ́ wò.

Owó rẹ̀ kò pọ̀. Abẹ́rẹ́, òwú àti aṣọ funfun kò wọ́n ní ọjà Kétu, ẹni tí kò sì lè fi ọwọ́ rán an lè gbé e fún oníṣẹ́ mónógíràmù tó wà ládùúgbò. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ Hóòmù Ẹkọnọ́míìsì ní Kòsọ́fẹ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní oríṣi ojú abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ òbí rẹ̀ àti ti àwọn òbí wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Ẹ̀yin télọ̀, bí wọ́n bá gbé aṣọ ìgbéyàwó tàbí ti oyè wá, ẹ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ orúkọ àti ọdún nínú ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ bi í ní orúkọ ìyá tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì rán an sára aṣọ.