Gbèsè Tí A Fi San Gbèsè: Èló Ni Ó Ń Náni?

Àwìn àti owó yíyá ti jẹ́ ara òwò ní Onitsha láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ Yorùbá tí ó ń ra ọjà ní Ọjà Ńlá ìlú náà, tí ó sì ń kó o kọjá afárá Odò Ọya lọ sí ilé, mọ èyí dájú. Ohun tí ó yí padà ni ìrísí ẹni tí ń yáni lówó. Láyé àtijọ́, ológò ni olówó ń rán lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi pé. Lóde òní, inú fóònù onígbèsè gan-an ni ológò ń gbé, ó sì lè mọ nọ́ńbà àna àti ti oníbàárà rẹ̀.

Ìpayà ológò yìí ni ó ń sún ènìyàn lọ yáwó lọ́dọ̀ ẹnì kejì láti fi san ti èkíní. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn báńkì ti sọ èyí di ọjà títà: wọn a ní kí oníbàárà kó gbèsè káàdì rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wọn, kò ní san èlé fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ gba bíi 3 sí 5 lórí 100, bí àkókò bá sì pé tí gbèsè ṣì kù, èlé ńlá a bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ayánilówó orí fóònù kì í tilẹ̀ fúnni ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀.

Bí oníṣòwò kan bá jẹ ₦200,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦5 lórí ₦100 lóṣù, tí ó sì san gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ₦30,000 ni èlé. Ayánilówó tuntun wá dé pẹ̀lú ₦4 péré. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ó yọ ₦12,000 fún owó ìwé: ₦188,000 ni ó tẹ oníṣòwò lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ orí ₦200,000 ni èlé wà. Yóò wá ₦12,000 láti àpò ara rẹ̀ kí gbèsè àkọ́kọ́ tó tán. Èlé oṣù mẹ́ta jẹ́ ₦24,000. Pẹ̀lú owó ìwé, ó di ₦36,000. Bí wọ́n bá sì sún un dé oṣù mẹ́fà, tí ó ń yọ̀ pé àyè gba òun, ₦60,000 ni.

Kíkó gbèsè kúrò kò burú nígbà gbogbo. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá yá a ní ₦3 lórí ₦100 láìsí owó ìwé, ₦18,000 ni yóò san ní oṣù mẹ́ta.

Àwọn kan rò pé bí àwọn bá lọ sí báńkì mìíràn, gbèsè ti àkọ́kọ́ yóò sùn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ ti fún báńkì tí ó yáni lówó láṣẹ láti gba owó rẹ̀ nínú àpamọ́ tí onígbèsè ní ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ nọ́ńbà BVN. Owó ọjà tí ó wọlé ní Onitsha láàárọ̀ lè bá gbèsè Ìbàdàn lọ kí ó tó di ọ̀sán.

Owó yíyá kò sì pọ́ọ́kú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 lórí 100. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ó sọ ọ́ di 27. Ayánilówó tí ó ń polongo èlé kékeré lábẹ́ irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn tí yóò ti gba tirẹ̀.

Àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo oníbàárà, ṣe òfin tuntun fún àwọn ayánilówó orí fóònù ní ọdún 2025. Ó ka yíyánilówó láìjẹ́ pé ènìyàn béèrè léèwọ̀, ìtanràn rẹ̀ sì lè dé ₦100 mílíọ̀nù. Òfin lè ká ológò lọ́wọ́ kò. Kò lè bá ayáwó ṣe ìṣirò. Àpapọ̀ iye tí yóò san ní náírà, owó ìwé àti èlé papọ̀, ni kí ó béèrè kí ó tó tẹ bọ́tìnì. Bí wọn kò bá sọ ọ́, kí ó padà tọ ayánilówó àkọ́kọ́ lọ, kí ó tọrọ àsìkò díẹ̀ sí i.