Èló ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀?

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, Detty December ti ń kanlẹ̀kùn. Láti àná ni mo ti ń rí i lórí TL mi: "Boat cruise, 25k péré, ẹ sanwó sínú àkáǹtì yìí." Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́dún tó kọjá fún yín. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ó lè kó owó yín yọ, ó sì lè má jẹ́ kí ẹ pàdánù ọ̀rẹ́.

2/ Èmi ni mo ṣètò tiwa. Àwa 14 ni. Ọ̀rẹ́ wa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti London, ó ní òun gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kí òun tó padà. Bí gúrúùpù WhatsApp wa ṣe gbiná nìyẹn. Ká wọ funfun, ká gbé spíkà dání, ká lọ sí Tarkwa Bay, ká ya fọ́tò. Ta ló máa ṣètò ẹ̀? Mo ní èmi. Ẹnu mi ló kó bá mi.

3/ Mo rí ọkọ̀ kan lórí Instagram. 350,000 náírà fún wákàtí 3, ó gba èèyàn 15. Mo fi 14 pín in, ó jẹ́ 25,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo jù ú sínú gúrúùpù, mo fi àkáǹtì mi sí i. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Èmi náà ò bi ọlọ́kọ̀ ní ohunkóhun ju "ṣé ọjọ́ yẹn ṣì ṣófo?" lọ.

4/ Ẹ wo ohun tá a san nígbẹ̀yìn:

– ọkọ̀: 350,000
– epo, torí pé Tarkwa Bay là ń lọ: 80,000
– owó ìjìyà pé a gbé ọtí tiwa wọlé: 50,000
– owó tí wọ́n gbà ká tó ẹsẹ̀ bọ iyanrìn létíkun, 2,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: 28,000
– wákàtí kan tá a lò kọjá: 60,000
– owó ìfọ ọkọ̀: 20,000

Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ 588,000. Ẹ fi 14 pín in. 42,000.

Mi ò tíì dárúkọ caution fee o. Wọ́n gba 100,000 lọ́wọ́ mi kí ọkọ̀ tó kúrò, ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n tó dá 80,000 padà. 20,000 tó kù ni owó ìfọ ọkọ̀ yẹn.

5/ Níbo ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa owó epo? Èbúté ní Falomo, aṣọ funfun lọ́rùn, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ya fọ́tò lẹ́yìn mi. Ọmọkùnrin tó ń bá ọlọ́kọ̀ gbowó ní, "Aunty mi, iye tá a kọ síta, àyíká ibí nìkan ló wà fún. Tí ẹ bá máa dé Tarkwa Bay, epo ẹ̀ yàtọ̀." Kí ni kí n sọ? Kí n ní ká máa lọ sílé ni? Mo tẹ fóònù, mo san án. Nínú owó ilé mi ni o.

6/ Lọ́jọ́ kejì mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù: "Ẹ jọ̀ọ́, ó ku 17,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan." Àwọn kan san. Àwọn kan ń fi emoji ẹ̀rín dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wa, tíṣà ni níléèwé aládàáni kan, ò fèsì rárá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, inú bí mi, mo pè é ní ahun lójú gbogbo ayé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kúrò nínú gúrúùpù.

7/ Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi gbé ìpè mi. Ọjọ́ tó wá gbé e, ohun tó sọ rèé: "Oṣù méjì ni mo fi kó 25,000 yẹn jọ. Ká ní o ti sọ látìbẹ̀rẹ̀ pé 42,000 ni, ǹ bá ti ní mi ò lọ, kò sì ní dùn mí. Àmọ́ o jẹ́ ká lọ, ká bọ̀, kó o tó wá sọ iye tó jẹ́ fún mi, o tún wá pè mí ní ahun."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Òótọ́ ni.

8/ Torí náà, èrò tèmi rèé: ìtìjú ló ń gba owó lọ́wọ́ wa lórí omi. A kì í fẹ́ bèèrè pé "èló ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀?" torí a ò fẹ́ kí wọ́n wò wá bí ẹni tí ò lówó. Àwa kan náà tá a lè fi ogún ìṣẹ́jú ná tòmátò ní Mile 12! A dé iwájú ọkọ̀ 350,000, ẹnu wa wọlé. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Àwa ò bèèrè, a ṣìnà, a tún sanwó ọ̀nà.

9/ Mi ò pe àwọn ọlọ́kọ̀ ní olè o. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wá jókòó, mo bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà léèrè bí owó ọkọ̀ ṣe ń rìn. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

10/ EPO. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tá à ń háyà yìí, ẹ́ńjìnnì méjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀, epo bẹtiróò ni wọ́n sì ń mu. Ẹ́ńjìnnì 200 horsepower kan lè mu tó lítà 60 ní wákàtí kan tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Méjì jẹ́ 120. Ká ní lítà kan jẹ́ 900 náírà, 108,000 ti jóná ní wákàtí kan ṣoṣo. Ẹ sì rántí pé kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, lítà kan ò tó 200.

11/ Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá kàn ń rọra rìn kiri nínú ọ̀sà láàárín Ikoyi àti Victoria Island, tí ẹ̀ ń jó, tí ẹ̀ ń jẹun, epo tó máa lò á kéré sí ìyẹn gan-an. Ìdí nìyẹn tí iye kan fi wà fún "ká yí po" tí iye mìíràn sì wà fún Tarkwa Bay tàbí Ilashe. Kò sí ojú títì tó dé Tarkwa Bay, ó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Èkó láti òkun. Ọkọ̀ á sáré, á sì gbọ́dọ̀ padà. Tí ẹ bá rí iye kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: "Dé ibo ni iye yìí gbé wa dé?"

12/ AAGO. Aago 12 ọ̀sán la fi àdéhùn sí. Ẹ mọ̀ wá, ọmọ Èkó ni wá. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn, Third Mainland ló há sí, 12:40 ló wọlé. Mo rò pé ìgbà tá a bá wọ ọkọ̀ ni wákàtí 3 wa máa bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Láti aago 12 gan-an ni wọ́n ti ń kà á. A kúrò ní 1:05, a padà dé ní aago 4. Lójú tiwa, a ò lo wákàtí 3 tán. Lójú tiwọn, a ti fi wákàtí kan kọjá.

13/ ỌKỌ̀ GAN-AN. Omi òkun ń wọ ọ̀sà, iyọ̀ inú ẹ̀ sì ń jẹ irin. Ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ àtúnṣe lemọ́lemọ́. Ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, owó ni. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ, owó ni. Lọ́jọ́ Tuesday nínú òjò June, ta ló fẹ́ boat cruise? Kò sí. December ló máa san gbèsè June. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ kan náà, ẹ lè ná an dáadáa tí ẹ bá mú ọjọ́ iṣẹ́ nínú February. Tó bá jẹ́ 26 December lẹ fẹ́, ẹ má janpata, èrò pọ̀ lẹ́yìn yín.

14/ Àwọn tó kù, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọtí: àwọn kan fẹ́ kí ẹ ra tiwọn, tí ẹ bá gbé tiyín wá, ẹ máa sanwó ẹ̀. Etíkun: owó àwọn tó ni ibẹ̀ yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Caution fee: ẹ bèèrè ọjọ́ tó máa padà àti ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n yọ nínú ẹ̀. Ẹ ya fídíò inú ọkọ̀ kí ẹ tó jókòó.

15/ Ó wá ku èyí tó bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tá a fẹ́ wọlé, mo ka life jacket. 8. Àwa 14, ẹni tó ń wa ọkọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, 16. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó kù ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, a ò jìnnà." Ẹ gbọ́ èyí tó burú jùyẹn: àwọn kan nínú àwa gan-an ní kí n fi sílẹ̀, pé life jacket máa bo funfun àwọn nínú fọ́tò.

16/ Mo ní mi ò wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn tí mo lanu sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n fi yá mìíràn lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Aago wa ni wọ́n sì fi ṣe é o! Ìyẹn wà nínú 60,000 tá a san. Mo sanwó fún ohun tó yẹ kó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo owó ọjọ́ yẹn, òun nìkan ni mi ò kábàámọ̀.

17/ LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, ò yé pariwo ẹ̀: kí gbogbo èrò wọ life jacket, kí ọkọ̀ má kó ju iye tó yẹ, kí wọ́n má rin ìrìn òru. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá gbọ́ pé ọkọ̀ dojú dé, nínú mẹ́ta yìí ni ẹ máa gbọ́ ọ̀kan. Torí náà, tí ẹnì kan bá pe iye tó kéré sí ti gbogbo èèyàn, ẹ bi í pé kí ló yọ kúrò. Ó lè jẹ́ èrè ẹ̀ ló dín. Ó sì lè jẹ́ life jacket 8 ni.

18/ Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan: "Ẹni tí ò lówó kó jókòó sílé." Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ iye tó jẹ́ fún un, kó lè mọ̀ bóyá kóun jókòó sílé! Ẹni tí ẹ sọ 25,000 fún, tí ẹ wá gba 42,000 lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ò fún un láyè láti yàn. Ẹ̀tàn nìyẹn, kódà tí kì í bá ṣe pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀.

19/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti London àti Houston, a nífẹ̀ẹ́ yín. Àmọ́ ẹni tó ń gba pọ́n-ùn àti ẹni tó ń gba owó tíṣà ní Agege ò lè máa gbọ́ "17k péré" bákan náà. Tí ẹ bá fẹ́ gbé lára owó yẹn, ẹ sọ ọ́ síta kí gúrúùpù tó gbà. Tí ẹ ò sì fẹ́, kò burú, ẹ jẹ́ ká jọ mú ohun tí apá gbogbo wa ká. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Tarkwa Bay wà, owó orí tìẹ nìkan lo máa san. Iyanrìn kan náà ni, omi kan náà ni.

20/ Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọlọ́kọ̀, lórí WhatsApp, kí èsì ẹ̀ lè wà ní àkọsílẹ̀:

– Dé ibo ni iye yìí gbé wa dé, ṣé epo wà nínú ẹ̀?
– Ìgbà wo ni aago bẹ̀rẹ̀, èló ni wákàtí kan tó bá kọjá?
– Èèyàn mélòó ló gbà, ṣé ẹ ka awakọ̀ mọ́ ọn?
– Life jacket mélòó ló wà? Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́.
– Ṣé a lè gbé oúnjẹ àti ọtí tiwa wá, èló ni?
– Èló ni caution fee, ọjọ́ wo ló ń padà?
– Èló ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀?

Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ máa lọ bá ẹlòmíràn.

21/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣètò, ẹ fi iye tó ga jù sínú gúrúùpù, ẹ má fi iye tó kéré jù tan èèyàn. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dá a padà. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà torí pé ẹ dá owó padà.

22/ Èmi náà ni mo tún ń ṣètò lọ́dún yìí. Mo ti rẹ tíṣà wa, ó ti padà sínú gúrúùpù. Mo kọ gbogbo owó sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, 45,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo ní kí ẹni tí kò bá rọrùn fún kọ "ó dìgbà mìíràn," kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí. Òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́rin mìíràn kọ ọ́. Ṣé ẹ rí i? Àwọn mẹ́rin yẹn wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n san 42,000, wọn ò sọ̀rọ̀.

23/ A ò wọ ọkọ̀ mọ́. Àmàlà la fẹ́ lọ jẹ. Ẹ RT kí ẹni tó ń ṣètò tiyín lè rí i.